Ẹ Ṣílẹ̀kùn Òkè-Mosàn Fún Ọmọ Ẹ̀kọ́ṣẹ́

Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Lísàbí, ẹ dúró díẹ̀ lábẹ́ afárá Kútò ní Abẹ́òkúta, kí ẹ wo ohun tí mo ń wò. Télọ̀ tó wà lẹ́bàá ọ̀nà yẹn ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní méjì. Onídìrí tó kọjú sí wọn ní mẹ́rin, ọ̀kan nínú wọn sì ń retí fíríídọ́ọ̀mù. Ìyá rẹ̀ ti ń pín aṣọ ẹbí káàkiri. Ọmọdé tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, ọ̀gá rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Kò sí iṣẹ́ gidi kan ní Kútò yìí tí a kì í kọ́ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. A máa ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, a máa ń gba ìbáwí, a máa ń wo ọ̀gá títí ọwọ́ tiwa náà yóò fi dán mọ́rán.

Síbẹ̀, iṣẹ́ kan wà tí a fi sílẹ̀ láìní ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Iṣẹ́ náà ni ìdúnàádúrà tí ìjọba wa ń bá orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe: iye owó ibodè tí ọjà yóò san, ohun tí yóò wọlé àti ohun tí kò ní wọlé, ilẹ̀ tí a ó fún àjèjì láti dá ilé iṣẹ́ sí, ọ̀rọ̀ tí a ó kọ sínú ìwé àdéhùn àti èyí tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ síbẹ̀ lórúkọ wa. Ìyá tó ń ta ata ní ọjà Kútò mọ̀ pé ẹni tí kò mọ ọjà ná, àpò rẹ̀ kì í pẹ́ gbẹ. Àwọn ọmọ tí yóò bá gbogbo ayé ná ọjà fún wa lọ́la, ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n ti ń kọ́ ọ?

Ìdí tí mo fi ń pè yín nìyí. Mo fẹ́ kí a jọ béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ní Òkè-Mosàn pé kí ó máa gba akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti ti polí sí ìdí iṣẹ́ òwò ilẹ̀ òkèèrè lọ́dọọdún, kí wọ́n jókòó ti àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n, kí wọ́n ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́, kí wọ́n sì máa gba owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ.

Ẹ rántí Ìgbẹsà. Ilẹ̀ Àwórì ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, ìpínlẹ̀ kan náà ni a jọ wà. Ibẹ̀ ni ọgbà òwò ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pè ní Ogun-Guangdong Free Trade Zone wà. Ní ọdún 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ gba àkóso apá kan ọgbà náà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ China kan, Zhongfu. Ọ̀rọ̀ náà kò parí sílé. Ilé iṣẹ́ náà lọ ṣí ìwé àdéhùn kan tí Nàìjíríà àti China ti fọwọ́ sí láti ọdún 2001, tó ní kí ìjọba kọ̀ọ̀kan dáàbò bo owó tí ará ìlú kejì bá fi dá òwò sílẹ̀ lórí ilẹ̀ òun. Àwọn onídàájọ́ jókòó sí ọ̀rọ̀ náà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta ọdún 2021, wọ́n ní kí Nàìjíríà san owó tó lé ní mílíọ̀nù 55 dọ́là, láìka èlé àti owó ẹjọ́. Owó kò jáde. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ilé ẹjọ́ kan ní Paris yọ̀ǹda pé kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé bàálù mẹ́ta tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ wa.

Ìpínlẹ̀ ní àwíjàre tirẹ̀, ó sì ti sọ ọ́ síta pé ilé iṣẹ́ náà kò ní ẹ̀tọ́ sí ohun tó ń béèrè. Èmi kì í ṣe adájọ́. Ohun tó ń dùn mí kò nílò adájọ́: aáwọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìgbẹsà ló lọ dá bàálù Ààrẹ dúró ní ilẹ̀ Faransé, nítorí ìwé kan tí wọ́n ti fọwọ́ sí ní ọdún 15 ṣáájú aáwọ̀ náà. Ẹ bi ara yín léèrè, àwa mélòó ní gbogbo Abẹ́òkúta la gbọ́ nípa ìwé 2001 yẹn kí wọ́n tó gba bàálù? Mi ò sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kọ́ṣẹ́ ìbá yọ wá nínú ẹjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ìjọba tó bá ń fún ọ̀dọ́ ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ kà lọ́dọọdún, pé kó kọ ojú ewé méjì lórí ohun tí ó so mọ́ wa lọ́rùn, àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ yóò máa pọ̀ sí i. Bí ọ̀kan bá gbàgbé, òmíràn yóò rán an létí.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ ìjọba àpapọ̀ nìyẹn, pé kí ni ó kan ará Kútò? Ní ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún 2019 ni Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn òwò ọ̀fẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà, tí gbogbo ayé ń pè ní AfCFTA, ní ìlú Niamey. Oṣù tó tẹ̀lé e gan-an ni Nàìjíríà ti ibodè orí ilẹ̀. Ìdí-Ìrókò, ẹnu ọ̀nà ìpínlẹ̀ wa sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kò ṣí padà títí di oṣù kẹrin ọdún 2022. A fi ọwọ́ ọ̀tún fọwọ́ sí òwò ọ̀fẹ́, a fi ọwọ́ òsì ti ilẹ̀kùn. Ó ṣeé ṣe kí ìdí wà fún méjèèjì. Ọ̀rọ̀ ìrẹsì àti epo tí wọ́n ń kó gba ẹ̀yìn ọlọ́pàá kọjá kì í ṣe irọ́. Àmọ́ ta ni ó ka iye onílé oúnjẹ tó ti ilẹ̀kùn ní Ìdí-Ìrókò láàárín ohun tó lé ní ọdún méjì àti ààbọ̀ náà? Ta ni ó gbé e lọ fún àwọn tó ń ṣe òfin? Iṣẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé irú nǹkan báyìí ti ga jù fún wa. Ẹ̀gbá ti ń ṣe é kí orúkọ Nàìjíríà tó délẹ̀. Ní ọdún 1865, G. W. Johnson, télọ̀ kan nínú àwọn Sàró, àwọn ọmọ wa tó padà dé láti Sierra Leone, pẹ̀lú Baṣọ̀run Ṣómóyè, dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì pè ní Egba United Board of Management. Ẹ má gbàgbé pé télọ̀ ni Johnson, irú èyí tó jókòó lẹ́bàá ọ̀nà yẹn. Ìgbìmọ̀ náà gbé owó ibodè lé ẹrù tó ń lọ sí Èkó, ó sì ṣètò bí lẹ́tà yóò ṣe máa lọ láàárín Abẹ́òkúta àti Èkó. Inú Glover, Òyìnbó tó ń ṣàkóso Èkó, kò dùn sí i rárá. Nígbà tó di ọdún 1898, ìjọba Ẹ̀gbá tó ní aṣọ́bodè tirẹ̀ tún dìde, ó sì wà títí Òyìnbó fi fagi lé e ní ọdún 1914. Àwọn baba ńlá wa ṣe àṣìṣe tiwọn níbẹ̀, wọ́n bá ara wọn jà, àwọn kan fi ipò jẹun. Wọ́n mọ̀ síbẹ̀síbẹ̀ pé ẹni tó bá di ẹnu ibodè mú ló di ẹ̀mí ìlú mú.

Èyí tó wù mí jù nínú ìtàn náà ni ti Henry Robbin. Nínú àwọn ọdún 1850, nígbà tí Manchester ń wá òwú kiri, wọ́n rán ọ̀dọ́mọkùnrin Sàró yìí lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Thomas Clegg níbẹ̀, kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya èso kúrò lára òwú, bí wọ́n ṣe ń dì í, àti irú òwú tí ẹni tó ń rà á fẹ́. Ó padà sí Abẹ́òkúta, ó darí ibi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ náà, òun pẹ̀lú ọmọ Àjàyí Crowther, ó sì di gbajúmọ̀ oníṣòwò. Ó lọ jókòó ti ẹni tó ń ra ọjà wa, ó mọ inú rẹ̀, ó padà wálé wá lò ó. Àádọ́jọ ọdún ó lé ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Lónìí, ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ọrọ̀ ajé lè gboyè jáde láì tíì fojú kan ìwé àdéhùn òwò kan rí, àyàfi bí olùkọ́ bá fi í ṣe ìbéèrè ìdánwò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú iṣẹ́ tí mo ní lọ́kàn, kí ó má di àfẹnusọ. Ẹ gba ọ̀nà Ìtòkú lọ, kí ẹ wọ ọjà àdìrẹ. Aṣọ tí wọ́n ń tẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n sì ń pè ní àdìrẹ ti kún ibẹ̀, owó rẹ̀ wálẹ̀, àwọn aláró wa sì ń ké. Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà lábẹ́ rẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í sábà sọ. Ní abẹ́ AfCFTA, kí ọjà tó lè gba ẹ̀dínwó owó ibodè ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn, ó gbọ́dọ̀ hàn pé ilẹ̀ Áfíríkà ni ó ti wá. Aṣọ funfun tí a ń kó sínú aró ńkọ́? Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ń ti òkèèrè wọlé. Aró òyìnbó àti àwọ̀ tí wọ́n ń fi omi gbígbóná pò ńkọ́? Ṣé aṣọ tí wọ́n hun ní China, tí ìyá Ìtòkú fi iyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sí lára, tí ó rẹ ẹ́, tí ó sá a, di ọjà Áfíríkà àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ọ̀rọ̀ orírun aṣọ wà lára èyí tó pẹ́ jù kí àwọn orílẹ̀-èdè tó lè fẹnu kò lé lórí, ọdún sì kọjá lórí ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń jà á, ta ló wá sí Ìtòkú wá béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é?

Mẹ́wàá nínú àwọn ọmọ wa lè ṣe iṣẹ́ yẹn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí wọ́n lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, kí wọ́n béèrè iye tí aṣọ funfun jẹ́, iye tí aró jẹ́, wákàtí mélòó ni ọwọ́ fi wà lára aṣọ kan, iye tí wọ́n tà á. Nígbà náà ni aṣojú wa yóò ní nǹkan lọ́wọ́ tó bá dé Accra, níbi tí olú ilé iṣẹ́ AfCFTA wà, tí kò ní máa fi ọ̀rọ̀ dídùn dípò òǹkà. Ó kéré tán, láyé ìgbà tí ìyá wa àgbà wà ní ọmọge, àwọn oníṣòwò láti Sẹ̀nẹ̀gà ń wá ra àdìrẹ ní Abẹ́òkúta. Ọjà náà mọ ọ̀nà tẹ́lẹ̀.

Àdìrẹ nìkan kọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀wà náà wà níbẹ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2015 ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ tó bá ti Nàìjíríà wá, nítorí oògùn kòkòrò tí wọ́n bá lára rẹ̀. FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ ọ̀gbìn, wà ní Alábàtà, ẹ̀yìn ilé wa. Akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn níbẹ̀ máa ń lo odidi ọdún kan nínú oko, àṣà tó dára gan-an ni. Èwo nínú wọn ni ó ti jókòó rí ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bá Yúróòpù kọ̀wé lórí irú ẹ̀wà yẹn?

Mo mọ̀ pé ètò IT wà, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń lọ kọ́ṣẹ́ fúngbà díẹ̀. SIWES ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ó ti wà láti ọdún 1973, lábẹ́ àjọ ITF: oṣù mẹ́fà fún ọmọ yunifásítì, oṣù mẹ́rin fún ọmọ polí. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, onísáyẹ́ǹsì àti àgbẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ dá a sílẹ̀ fún, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ọrọ̀ ajé tàbí ìṣèlú àgbáyé kò sí nínú rẹ̀. Àwọn tó sì rí ọ́fíìsì ìjọba wọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú tèmi rí. Mo ṣe IT rí ní ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ. Láàárọ̀, àkàrà. Lọ́sàn-án, fọ́tókọ́pì. Ìwé iṣẹ́ mi, ọ̀gá fọwọ́ sí ti ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láì kà á. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní kí n nu eruku orí àwọn fáìlì, mo sì ṣí ọ̀kan nínú wọn. Lẹ́tà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń béèrè èrò àwọn oníṣòwò ìpínlẹ̀ lórí owó ibodè kan. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún èsì ti kọjá ní oṣù mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó kọ èsì. Èmi tó ń nu eruku ìbá ti kọ ọ́, bí wọ́n bá bi mí, tàbí kí n ti kó o tọ àwọn oníṣòwò lọ ní ọjà. Àkàrà ni wọ́n rán mi.

Nítorí náà, bí a bá ń béèrè, kí a béèrè dáadáa. Ìjọba ìbílẹ̀ 20 ni Ògùn ní. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan wá láti ọ̀kọ̀ọ̀kan, 20 lọ́dún, fún oṣù mẹ́fà, ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ilé iṣẹ́ ńlá, òwò àti ìdókòwò, àti ní ibi tí wọ́n ti ń ṣètò ìṣúná. Kí wọ́n fi ìdánwò gbangba yàn wọ́n, kí orúkọ wọn sì wà ní gbangba, kí ọmọ ìyá ọlọ́jà má bàa pàdánù nítorí ọmọ kọmíṣọ́nnà. Kí ọ̀gá kan tó ní orúkọ jẹ́ alábòójútó wọn, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì fi ìwé iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí ará ìlú lè kà. Àwọn méjì tó bá ta yọ, kí ìpínlẹ̀ bá wọn wá àyè ní Àbújá, ní ọ́fíìsì ìdúnàádúrà òwò tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 2017 àti ní ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Owó ńkọ́? Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin àpapọ̀ jẹ́ 70,000 náírà. Ká ní ìdajì rẹ̀ ni a fún akẹ́kọ̀ọ́ kan lóṣù, 35,000. Ogún ọmọ, oṣù mẹ́fà: mílíọ̀nù mẹ́rin àti ẹgbẹ̀rún igba náírà. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ mílíọ̀nù 55 dọ́là ti Ìgbẹsà, kí ẹ wá sọ fún mi èyí tó wọ́n.

Àṣírí ìjọba ńkọ́? Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí wọ́n fi àṣírí sínú àpótí, kí wọ́n fún àwọn ọmọ ní ìwé tí gbogbo ayé ti ń kà tí àwa nìkan kò kà. Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ń gba irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ wọlé láti ọdún 1960, ìgbà méjì lọ́dún, oṣù márùn-ún, pẹ̀lú owó. Ilé wọn kò wó.

Iṣẹ́ ìdúnàádúrà yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ Ògùn. Simeon Adébọ̀, ọmọ Abẹ́òkúta, ilé iṣẹ́ Rélùwéè ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1933, kó tó di pé ó jókòó fún Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé láti 1962 sí 1967. Adébáyọ̀ Adédèjì ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde wà lára àwọn tó fa ECOWAS jáde, àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Èkó ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975. Lẹ́yìn wọn, a ń wò sẹ́yìn, a ń yangàn. Ìyangàn kì í bí ọmọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ní Alábàtà, ní Òjéèrè, ní Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀, ní Àgọ́-Ìwòyè, ẹ má dúró dìgbà tí ètò bá wà. Ẹ kọ lẹ́tà ìbéèrè lónìí, kí ẹ sọ ohun kan pàtó tí ẹ fẹ́ ṣe: àdìrẹ, ẹ̀wà, gàárì, Ìdí-Ìrókò, èyí tó bá wù yín. Kí ẹ tẹ ẹ̀dà méjì. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ọ̀kan, kí ẹ mú un padà. Lẹ́tà kan ò ní mì wọ́n. Ọgọ́rùn-ún lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀, kọmíṣọ́nnà yóò bi akọ̀wé rẹ̀ léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ka ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin ìyálọ́jà Kútò àti Ìtòkú, bí ọmọ kan bá wá pẹ̀lú bírò àti ìwé, ẹ má rò pé òṣìṣẹ́ owó orí ni. Ẹ fún un ní àpótí jókòó, ẹ sọ iye tí ẹ ń rà àti iye tí ẹ ń tà fún un. Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé àdéhùn, ẹ fi alẹ́ ọjọ́ kan lóṣù sílẹ̀ kí ẹ bá àwọn ọmọ yìí sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Lísàbí, akọni Ẹ̀gbá, kò fi idà bẹ̀rẹ̀. Àáró ló fi bẹ̀rẹ̀: oko tèmi lónìí, oko tìrẹ lọ́la, títí tí wọ́n fi mọ iye tí wọ́n jẹ́.

Àwọn aṣòfin 26 ló ń jókòó ní Òkè-Mosàn, ìwé ìṣúná kò sì ní kọjá láìgba ọwọ́ wọn. Ẹ wá orúkọ ẹni tó ń ṣojú àdúgbò yín, kí ẹ bi í ní ìbéèrè kan péré: ṣé mílíọ̀nù mẹ́rin àti ẹgbẹ̀rún igba náírà fún ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ 20 wà nínú ìṣúná ọdún tó ń bọ̀? Láti abẹ́ afárá Kútò, ọ̀kadà kan ni yóò gbé yín débẹ̀. Ẹ mú ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ dání.